Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Ló Fi Wọn Àtẹ̀gùn

Àsàlámù àlékúmù o, ẹ̀yin mùmíní lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà yẹn náà, ẹ sún mọ́ wa. Ẹnikẹ́ni tí obìnrin bá bí ni wáàsí tòní ń bá wí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó fi wá sínú ikùn ìyá wa kó tó fi wá sínú ayé. Ìkẹ́ Rẹ̀ kó máa bá Ànọ́bì wa títí láé.

Ọ̀rọ̀ òbí ni mo gbé wá. Ọlọ́hun sọ nínú Àlùkùráánì pé kí a ṣe dáadáa sí wọn, kí a má ṣe ṣíọ̀ sí wọn bí wọ́n bá darúgbó sí wa lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ní kí a rẹ apá wa sílẹ̀ fún wọn. Ẹ bá mi wí i: kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀! Ṣé Ó ní kí a gbé e sókè? Ẹ fi í sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bi yín.

Télọ̀ kan wà ní Ìwó, Múdàṣírù lorúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí o bá gbé aṣọ lọ bá a, téèpù á ti wà lọ́rùn rẹ̀. Á ní, "Ẹ dìde, ẹ na apá. Ẹ má fa ikùn sínú o, ikùn yẹn náà la fẹ́ rán aṣọ fún." Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rẹ́rìn-ín nísinsìnyí, ẹ ò ní rẹ́rìn-ín pẹ́. Kò rán ṣòkòtò fún ènìyàn rí kó má wọn ẹsẹ̀ onítọ̀hún.

Ìyá rẹ̀, Màmá Asímáwù, kò bí ọmọ mìíràn. Inú ilé alámọ̀ tí bàbá Múdàṣírù kú fi sílẹ̀ ló ń gbé, bí òjò bá rọ̀, tòun tòjò ni wọ́n jọ ń sùn. Lọ́jọ́ kan Múdàṣírù wí fún un pé, "Màmá, mo fẹ́ kọ́lé. Yàrá tí oòrùn àárọ̀ bá ń wọ̀, tiyín ni."

Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Ọlọ́hun, jẹ́ kí n kírun ráká méjì péré nínú yàrá yẹn kí n tó kú. Mi ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Múdàṣírù ní òun ò ní gba bíríkìlà. Kì í ṣe tìtorí owó o. Ó fẹ́ kí wọ́n máa wí pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Ògiri tó kọ́kọ́ mọ, ó wọ́ bí ẹni tó mutí yó. Ó wó o, ó tún un mọ. Ọdún mẹ́fà ló fi ń bá a yí. Bó bá ti ṣe búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, màmá á kírun Àsùbáà tán, á gbé kẹ́tù omi, á máa wọ́n ọn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ṣé búlọ́ọ̀kù tí kò rí omi mu máa ń le? Omi ọwọ́ ìyá yẹn ló mú ilé náà le. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà yẹn ń gorí orúnkún rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì kà á.

Odò ò jìnnà síbi tó ń kọ́lé sí, torí ẹ̀ ni Múdàṣírù ṣe gbé ìpìlẹ̀ sókè. Ó wá ku àtẹ̀gùn. Bíríkìlà gidi á gé búlọ́ọ̀kù kéékèèké kí ẹsẹ̀ lè gùn ún. Múdàṣírù ò mọ̀ ọ́n gé, gbogbo èyí tó gé ló ń fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ló bá to odindi búlọ́ọ̀kù lé ara wọn, ìpele mẹ́fà, ó fi táìsì pupa bò ó.

Ganíyù bíríkìlà ń kọjá lọ, ó dúró. "Bọ̀dá Télọ̀, àtẹ̀gùn yìí mà ga o."

Múdàṣírù ká ṣòkòtò sókè, ó sáré gòkè, ó sáré sọ̀ kalẹ̀. "Ṣó o rí i? Kò ga."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹsẹ̀ ta ló fi wọ̀n ọ́n? Ẹsẹ̀ ara rẹ̀! Ilé tó ní òun ń kọ́ fún ìyá òun! Téèpù sì wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó di ọjọ́ ìṣílé. Èmi ni mo ṣe àdúà, mo wà lókè nínú pálọ̀. Màmá dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, nínú aṣọ funfun tí ọmọ rẹ̀ rán fún un. Ó wí pé "Bísímílláì", ó gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ò dé orí ìpele àkọ́kọ́. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó tún gbé e. Kò dé.

Ojú ti Múdàṣírù, ìtìjú náà sì di ìbínú. "Ṣíọ̀! Màmá, ẹ tiẹ̀ gbìyànjú. Ayé ń wò wá."

"Mudà, ẹsẹ̀ ló kọ̀, kì í ṣe èmi."

Àwọn géńdé méjì ní àwọn á gbé e. Ó ní, "Ẹ má gbé mi. Òkú là ń gbé. Ẹsẹ̀ mi ni n ó fi wọ ilé ọmọ mi." Ó wá rọra wí fún Múdàṣírù pé, "Bá mi fi kékeré kékeré sáàárín wọn, á tó mi gùn."

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá."

Wọ́n tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi kaṣú. Ibẹ̀ ló ti jẹun, ibẹ̀ ló ti kírun Alààsárì. Èmi ààfáà yín ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹran wà níwájú mi. Mo tún tọwọ́ bọ àwo.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé. Àánú táìsì ń ṣe Múdàṣírù. Ó ní kí iṣẹ́ Iléyá kọjá ná. Iléyá kọjá. Ó ní kí òun kun géètì ná. Ó kun géètì. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni màmá ń bọ̀, á dúró nísàlẹ̀.

"Mudà, yàrá mi ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá. A ti ta kọ́tínì sí i."

"Alihamudu lílláì." Á gbé ẹsẹ̀ sí àtẹ̀gùn bóyá ara rẹ̀ ti le díẹ̀ sí i, kò ní dé, á yí padà sílé. Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Ibà mú màmá nínú ilé tó ń jò náà, ọjọ́ mẹ́ta péré. Àárọ̀ Alámísì ló kú, lórí ẹní ìkírun rẹ̀.

Múdàṣírù ló gé aṣọ tí wọ́n fi dì í. Kò mú téèpù. Gbogbo ìwọ̀n ìyá rẹ̀ ló ti mọ̀ lórí, àfi ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé dé. Ó di agbádá mi mú: "Ààfáà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ yàrá wọn lẹ́ẹ̀kan." Kò yẹ kí a máa gbé òkú kiri, mo mọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò lè sọ pé rárá.

Géńdé mẹ́rin gbé e. Ní ìpele kẹta, pákó tí wọ́n tẹ́ ẹ sí fì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ọmọkùnrin náà ò ní nǹkan kan lọ́kàn, ó kàn mí kanlẹ̀, ó ní, "Ha, àtẹ̀gùn yìí mà ga o!"

Múdàṣírù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Igbe tó ké, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. A gbé màmá dé yàrá náà. Oòrùn àárọ̀ wà nínú rẹ̀. A tún gbé e jáde.

Lọ́jọ́ kejì ó mú òòlù, ó ń fọ́ àtẹ̀gùn náà. Búlọ́ọ̀kù ò fẹ́ fọ́. Kí ló mú un le? Ẹ ti gbàgbé? Omi ọwọ́ ìyá rẹ̀! Ó ń fọ́ ọ, ó ń sunkún. Nígbà tó fọ́ ọ tán, ó lọ bẹ ìyá arúgbó kan ládùúgbò, ó kúnlẹ̀ sídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ibi tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ dá a dúró." Ó na téèpù. Ínṣì mẹ́rin.

Ìpele mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀ lónìí. Gbogbo arúgbó àdúgbò ló ń gùn ún. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́lé nìkan ni kò gùn ún rí.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Mo ní n ó bi yín: kí ni Ọlọ́hun ní kí a ṣe? Kí a rẹ apá wa sílẹ̀ fún wọn. Ìwọ tó ń kọ́lé, ìwọ tó ń wí pé bí òun bá ṣe tán òun á mú ìyá òun wá, dìde lónìí, lọ wo bí ẹsẹ̀ ìyá rẹ ṣe ń gbé. Má fi tìrẹ wọ̀n ọ́n.

Ọlọ́hun, fún Asímáwù ní ilé tí kò ní àtẹ̀gùn nínú Àlùjánnà. Dárí jin ọmọ rẹ̀. Dárí jin ààfáà tó gbọ́ tó tún tọwọ́ bọ àwo. Tọ́ wa sọ́nà, kí a lè sún mọ́ àwọn ìyá wa nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń gbé wọn wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Àmín.