Ẹ Sọ Fún Mi Pé Mi Ò Ní Wọlé

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e. Ariwo ẹsẹ̀ àti àpótí nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ̀lóò, Kékeré.

ÀBÚRÒ: Ẹ káàárọ̀, Bùọ̀dá. Ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàárọ̀. Ṣé dáadáa lo jí? Sọ̀rọ̀ kíákíá, àwọn àlejò ti tò síwájú tábìlì mi, èmi nìkan ni mo sì wà níbí—

ÀBÚRÒ: Mi ò ní pẹ́. Ìbéèrè kan péré ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣebí òní ni íńtáfíù yunifásítì ẹ?

ÀBÚRÒ: Òní ni. Òun gan-an ni mo fẹ́ bi yín. Mélòó nínú mẹ́wàá lẹ rò pé màá wọlé?

Ẹ̀GBỌ́N: Mélòó nínú kí ni?

ÀBÚRÒ: Nínú mẹ́wàá. Ẹ má tàn mí o. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Good morning, sir, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Kékeré, ṣé àkókò tí èèyàn ń ka iye nìyí? Lọ jókòó síwájú wọn, kó o dáhùn.

ÀBÚRÒ: Ẹ gbọ́ ná. Físíìsì mi ò dáa ní sáà tó kọjá. Tíṣà ìṣirò ní kò sẹ́ni tó mọ ìṣirò tó mi ní kíláàsì wa, àmọ́ kíláàsì wa nìyẹn. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ níbẹ̀, ọdún tó kọjá ni wọ́n ti gba tíṣà tó ń kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń jókòó, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé wa ní ẹnì kan ṣoṣo ló ti ọ̀dọ̀ wa débẹ̀ rí, ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé sì ni—

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn ò sọ pé—

ÀBÚRÒ: Ó ní kí n lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀yìn ọjà, pé ibẹ̀ á gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Òótọ́ ni, àbí? Ẹ sọ ọ́.

[Ohùn ẹ̀rọ kan: pí, pí, pí.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ yẹn?

ÀBÚRÒ: Kò sí nǹkan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o ti dé yunifásítì ni?

ÀBÚRÒ: Mo... mi ò jìnnà síbẹ̀.

[Ohùn obìnrin, láti òkèèrè: "Ẹ bá wa gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà."]

Ẹ̀GBỌ́N: Bẹ́ẹ̀dì wo? Níbo lo wà?

ÀBÚRÒ: Bùọ̀dá—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní níbo lo wà?

ÀBÚRÒ: Ọsibítù. Kì í ṣe èmi. Màámi ni. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ ó já iṣẹ́ jù sílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ṣe Màámi?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ṣubú. Bàtà dúdú tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi íńtáfíù ni à ń wá. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi í sí. Mo ní kí n gùn ún, wọ́n ní aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ fún mi á rún, kí n lọ mu tíì mi. Wọ́n gun àga. Mo wà ní yàrá ìdáná nígbà tí mo gbọ́ gbì. Mo sáré débẹ̀, wọ́n wà nílẹ̀, wọ́n di bàtà ẹsẹ̀ kan mú.

[Ariwo àlejò nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì nìkan.]

ÀBÚRÒ: Bùọ̀dá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń gbọ́. Ṣé wọ́n lajú?

ÀBÚRÒ: Wọ́n lajú. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ pàápàá. Àmọ́ wọ́n bi mí pé ṣé mo ti wọ bàtà. Mo ní mo ti wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tíì kúrò lẹ́nu mi, wọ́n tún bi mí. Nínú mọ́tò, wọ́n bi mí. Níbí, wọ́n bi mí. Bí ẹni pé wọn ò bi mí rí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni dókítà sọ?

ÀBÚRÒ: Ó ní orí wọn gbá ilẹ̀ gan-an. Wọ́n ti gbé wọn wọ ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú orí, kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dà síbẹ̀. Ẹnu ìlẹ̀kùn yẹn ni mo jókòó sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?

ÀBÚRÒ: Ìyá aránṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Àwọn ló bá mi gbé wọn wá. Wọ́n ní kí n máa lọ síbi íńtáfíù, àwọn ò ní kúrò lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì náà ní kò sóhun tí mo lè bá àwọn ṣe níbí. Gbogbo wọn ní kí n lọ. Ẹsẹ̀ mi ni ò gbéra.

ÀLEJÒ: Ọ̀gá, kọ́kọ́rọ́ mi dà?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ máà bínú, sà. Ó rèé. Lókè, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Kékeré, ìdí tó o fi pè mí nìyẹn? Mélòó nínú mẹ́wàá?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀n.

Ẹ̀GBỌ́N: O fẹ́ kí n sọ pé òdo ni.

ÀBÚRÒ: Tẹ́ ẹ bá sọ pé mi ò ní wọlé, màá jókòó ti Màámi. Ọkàn mi á balẹ̀. Kò ní dà bí ẹni pé mo sọ nǹkan kan nù. Ẹ jọ̀ọ́, Bùọ̀dá. Ẹ sọ fún mi pé mi ò ní wọlé.

[Ẹ̀rọ náà ń ké.]

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò mọ̀ bóyá wàá wọlé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mú ẹ. Àwọn tó mọ̀wé jù ẹ́ lọ lè kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àmọ́ ìlẹ̀kùn tí ìyá mi torí ẹ̀ gun àga, kì í ṣe ẹnu mi ni wọ́n máa fi tì í.

ÀBÚRÒ: Tí nǹkan bá ṣe wọ́n ńkọ́, tí mi ò sí níbí?

Ẹ̀GBỌ́N: Tí o bá wà níbẹ̀, kí lo máa ṣe? Ṣé ìwọ lo máa wo àwòrán ni?

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú sí mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ó kàn ń gba ẹnu mi jáde bí ìbínú ni. Tí mo bá gbéra nísinsìnyí, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó débẹ̀. Ìyá aránṣọ nìkan ló wà fún àwa méjèèjì lónìí. Fún wọn ní nọ́ńbà fóònù tábìlì mi. Bí dókítà bá ṣe ń lanu, kí wọ́n pè mí.

ÀBÚRÒ: Ó ti pẹ́ jù. Wọ́n á ti pè mí kọjá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o ti bi wọ́n?

ÀBÚRÒ: Rárá o. Irú ilé-ìwé yẹn, bí mo bá ti ní mo máa pẹ́, wọ́n á fi kálàmù fa ìlà lé mi lórí. Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn, ìdí tí wọ́n á fi dín wa kù.

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró sórí ìlà. Má pa á. Mo fẹ́ pe yunifásítì, nọ́ńbà wọn wà nínú ìwé fóònù wa níbí.

[Ó gbé fóònù tábìlì. Ó ń tẹ nọ́ńbà.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hello, good morning, ma. Mò ń pè nítorí ọmọ kan tó ní íńtáfíù lọ́dọ̀ yín láàárọ̀ yìí, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ... Bẹ́ẹ̀ ni... Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí. Ìyá wa wà lọ́sibítù, ọ̀dọ̀ wọn ló wà... Ẹ ti pè é?... Mo gbọ́, mà... Rárá, mi ò ní kí ẹ ṣojúsàájú fún un. Ohun tí mo ń bi yín ni bóyá ẹ ṣì lè rí i bó bá dé... Ẹ ṣeun. Màá dúró.

ÀLEJÒ: Ọ̀gá, èèyàn wà nínú yàrá tẹ́ ẹ fún mi. Ó ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Háà, ẹ dákun, sà, kọ́kọ́rọ́ yín nìyí, òsì lẹ ó yà... Bẹ́ẹ̀ ni, mà, mò ń gbọ́... Nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Kó tó di pé wọ́n dìde... Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, mà. Ó ti ń bọ̀. [Ó gbé e kalẹ̀.] Kékeré, ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n á fi ẹ́ sẹ́yìn gbogbo èèyàn. Àmọ́ bí wọ́n bá ti dìde, ó parí. Dìde.

ÀBÚRÒ: Bùọ̀dá, irọ́ ni mo pa fún Màámi. Mi ò wọ bàtà kankan. Sílípáàsì ilé ìwẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Lọ bẹ́ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ dúró... [Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.] Ìyá aránṣọ ti bọ́ tiwọn. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní sílípáàsì. Ó tóbi jù mí lọ o.

Ẹ̀GBỌ́N: Fi páálí sí iwájú ẹ̀. Ṣé o ti fún wọn ní nọ́ńbà?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti kọ ọ́ sátẹ́lẹwọ́. Mo ti ń jáde.

[Ẹsẹ̀ ń sáré. Ìlẹ̀kùn. Ariwo títì. Ìlẹ̀kùn mọ́tò.]

ÀBÚRÒ: Mo ti wà nínú takisí. Dírẹ́bà ní ọ̀nà mọ́. Bùọ̀dá, tí wọ́n bá bi mí ìdí tí mo fi pẹ́ ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Sọ òótọ́.

ÀBÚRÒ: Wọ́n á rò pé àánú ni mò ń tọrọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó o dákẹ́, kí wọ́n bi ẹ́ ní ìṣirò. Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní físíìsì tó o kò sì mọ̀ ọ́n, ní o ò mọ̀ ọ́n, kó o wá sọ bó o ṣe máa wá a—

ÀBÚRÒ: Kí lẹ wí? Ẹ ń gé—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní bó o ṣe máa wá a. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Abẹ́ afárá la wà... Ṣé ẹ gbọ́—

Ẹ̀GBỌ́N: Kékeré? Ṣé o gbọ́ mi?

[Ariwo. Ìlà ń já, ó ń padà.]

ÀBÚRÒ: ...ti kúrò níbẹ̀. Ṣé wọ́n ti pè?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọn ò tíì pè.

ÀBÚRÒ: Ó ti pẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò tíì pẹ́. Ojú wa ló wà lọ́nà.

ÀBÚRÒ: Ẹ pè wọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Bí mo bá ń pè wọ́n tí wọ́n sì ń pè mí, a ò ní ríra wa. Jẹ́ kí fóònù tábìlì wà lófìfo. Mo gbé ọwọ́ lé e.

[Ìlẹ̀kùn mọ́tò. Ẹsẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn, èémí ń já.]

ÀBÚRÒ: Mo ti dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni. Ọmọkùnrin kan ló kù lórí bẹ́ǹṣì, bàbá ẹ̀ ń bá a tún táì ṣe. Akọ̀wé náà rí mi, wọ́n wo bàtà mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n jókòó, lẹ́yìn ẹni tó wà nínú ilé, ọmọkùnrin yẹn ló kàn, kó tó kàn mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Mí sínú. Mí síta.

ÀBÚRÒ: Mi ò lè wọbẹ̀ láì mọ̀, Bùọ̀dá. Ọpọlọ mi ò sí níbí. Tí wọ́n bá bi mí ní orúkọ mi, mi ò mọ̀ bóyá màá rántí.

Ẹ̀GBỌ́N: Wàá rántí.

ÀBÚRÒ: Ẹni tó wà nínú ilé ti jáde. Ọmọkùnrin yẹn ti wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é o, ó dà bí ẹni pé—

[Fóònù tábìlì ń dún.]

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró. Hello? Ẹ̀n, màmá, èmi ni... Ẹ rọra sọ ọ́...

ÀBÚRÒ: Kí ni wọ́n sọ?

Ẹ̀GBỌ́N: ...Dókítà fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?... Ẹ tún un sọ fún mi, màmá...

ÀBÚRÒ: Bùọ̀dá, kí ni wọ́n sọ? Ọmọkùnrin yẹn ti ń jáde bọ̀. Akọ̀wé ní kí n pa fóònù.

Ẹ̀GBỌ́N: Kékeré! Kò sí ẹ̀jẹ̀—

ÀBÚRÒ: Ẹ ń gé. Kí ni ò sí?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú orí Màámi. Orí ń fọ́ wọn, wọ́n á sùn síbẹ̀ mọ́jú kí wọ́n lè máa ṣọ́ wọn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màámi ń bá nọ́ọ̀sì jà pé ó fi sísọ́ọ̀sì gé bùláòsì àwọn. Ṣé o gbọ́ mi?

[Èémí.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kékeré, ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́.

AKỌ̀WÉ: Nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Ṣé ìwọ ni?

ÀBÚRÒ: Èmi ni, mà.

[Ìlà já.]