Orúkọ Ọmọ Ayọ̀kànmí Há Sí Mi Lẹ́nu ní Òtẹ́ẹ̀lì

Má bi mí pé ṣé mo sùn dáadáa, Glory, má bi mí rárá! Glory ni wọ́n kọ sí ọ láyà, mo ti rí i. Oorun wo? Oorun ta ni? Èmi tí mo jókòó lórí àga mọ́jú bí olè tí wọ́n mú, tí mo fi ìró bo orí nítorí ẹ̀rọ amúlétutù yín tó ń fẹ́ bí ẹni pé ẹja ni wọ́n fẹ́ kó sínú yàrá! Mo tẹ ibi tí mo mọ̀, mo tẹ ibi tí n ò mọ̀, kò kú. Fèrèsé ńkọ́? Wọn ò ṣe é kó ṣeé ṣí. Ilé tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, ẹ ń pè é ní ilé ìtura. Ìtura dà?

Wò mí dáadáa. O gbọ́ Yorùbá, àbí? O gbọ́ díẹ̀díẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ náà á tó. Aṣọ àná ló wà lọ́rùn mi yìí. Báàgì mi wà nínú ikùn bàálù, ṣájà mi wà nínú báàgì, fóònù mi ti kú sí mi lọ́wọ́ láti alẹ́ àná, bẹ́ẹ̀ òní ni ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọmọ ọmọ mi, Àbújá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lórúkọ, èmi tí orúkọ wà lẹ́nu mi ni mo jókòó sí Ìkẹjà yìí tí ò ń bi mí bóyá mo sùn. Ṣé ó ti yé ọ báyìí?

Kò yé ọ. Dúró ná. Ayọ̀kànmí lọmọ mi, òun nìkan ni Ọlọ́run fún mi. Christabel lorúkọ ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ẹdó ni, ọmọ dáadáa ni, n ò ní ẹjọ́ kankan tí mo fẹ́ bá a rò. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó tí gbogbo wa ti ń wojú Olúwa. Adéníran ọkọ mi, ọmọ Iléṣà, retí ọmọ yìí títí, kò fojú rí i. Ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà lọ́dọ̀ wa níbẹ̀ ló ti kú. Lórí ibùsùn, ó ní kí n gbé etí wá. Ó ní, “Ìyá Ayọ̀, ọmọ yẹn á dé. Tó bá dé, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, báyìí ni kí o pè é fún mi.” Ó sọ orúkọ náà sí mi létí. Èmi nìkan, Glory. N ò sọ fún àbúrò rẹ̀, n ò sọ fún pásítọ̀, n ò sọ fún Ayọ̀kànmí alára tó jẹ́ bàbá ọmọ. Wọn kì í pe orúkọ ọmọ jáde lẹ́nu kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ní ilẹ̀ tiyín, ẹ máa ń pè é? Ẹ ṣe tiyín, àwa kì í ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán gangan àná ni mo ti wà ní ibùdókọ̀ òfurufú. Ọmọkùnrin kan tó so táì pupa mọ́rùn, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi, ó ní ká ní sùúrù díẹ̀. A ní sùúrù. Ó tún dé, ó ní ká fi díẹ̀ kún un. A fi kún un! Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú ló wá tú àṣírí, ó ní bàálù ò ní lè lọ mọ́, wọ́n á kó wa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ìdájí ni a ó gbéra. Mo ní ìdájí wo? Ó ní Màámi, kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹ ti wà lókè. Ṣé o rí oòrùn tó ń ta mọ́ gíláàsì yẹn? Ìdájí ìlú wo nìyẹn? Ọlọ́run ló máa bi wọ́n. N ò tilẹ̀ lè ṣépè lé bàálù náà lórí, nítorí inú rẹ̀ náà ni mo ṣì ń bọ̀ wá wọ̀. Ẹ wo irú ayé! Ẹni tó ṣe mí níbi, mi ò gbọdọ̀ ṣépè fún un.

Bẹ́ẹ̀ ilé mi nìyẹn níwájú! Ìdí-Àràbà ni mò ń gbé, níbẹ̀ ni mo ti ń rán aṣọ funfun fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Tí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ lẹ́nu géètì yín yìí, ìdí rẹ̀ ò ní gbóná lórí ìjókòó tí yóò fi sọ̀kalẹ̀. Èmi tí mo ní ibùsùn, tí mo ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tí fèrèsé mi ń ṣí, mo wá ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì nínú ìlú tí mo ní ilé sí!

O ní kí ló dé tí n ò padà sílé? Ta ló máa padà? Gbogbo àdúgbò ló sìn mí dé ojú títì. Àwọn ìyá ìjọ gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní àlọ re, àbọ̀ re, wọ́n ní kí n bá wọn gbé ọmọ jó. Kí n wá yọ sí wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, láìtíì lọ? Kí n ní kí ni? Mo ti lọ, mo ti dé? Wọ́n á ní kí ló lé mi bọ̀ lọ́nà. Ẹni tí wọ́n ti gbàdúrà àlọ fún kì í yíjú padà. Onítáì pupa náà sì tún ní ẹni tó bá yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn, bàálù lè fi í sílẹ̀ o. Mo wá dúró. Mo dúró bí ọmọ tí wọ́n ní kó dúró.

N ò jẹun. Má pè mí síbẹ̀ mọ́. Mo ti dé ibẹ̀, mo ti wò ó. Ẹ̀wà tí wọ́n po ṣúgà mọ́! Ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀wà? Kí ni ẹ̀wà ṣe fún yín?

Ó pè mí o. Ayọ̀kànmí pè mí lálẹ́ àná, fóònù ò tíì kú nígbà yẹn. Ó ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ náà fún mi, tí bàálù ò bá wá tètè dé ńkọ́?” Mo ní, “Ayọ̀kànmí, ọjọ́ keje la ṣì wà.” Ó ní, “Màámi, ẹ̀yin náà!” Mo ní n ò ṣe “ẹ̀yin náà” kankan, mo ní kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ Yorùbá lé ọmọ náà lórí kí n tó dé, àyè bàbá rẹ̀ ni, kó fi àyè yẹn sílẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ẹnu ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí fóònù fi ṣẹ́jú, ó kú.

Kí lo wí? Pé ǹ bá ti sọ ọ́ fún un nígbà yẹn? Háà! Glory! Ìwọ náà? Èmi ni mo jẹ̀bi báyìí? Èmi ni mo ní kí bàálù má gbéra? Kí n wá sọ orúkọ tí òkú fi síkàáwọ́ mi lọ́jọ́ tí kò tíì pé, kí ohunkóhun wá ṣe ọmọ yẹn, ta ni wọn yóò mú? Onítáì pupa ni wọn yóò mú? Ó tì o. Mi ò jẹ̀bi. Mi ò jẹ̀bi rárá ni.

Gbogbo ṣájà tí ẹ kó jáde lálẹ́ àná, ẹnu wọn ti fẹ̀ jù. Fóònù tèmi, ẹnu tín-ín-rín ni, ti àtijọ́. Ẹnìkejì rẹ tó wà níbí lálẹ́ ní kí n yọ síìmù mi sínú fóònù òun, síìmù tèmi tóbi ju ihò tiẹ̀ lọ. Nọ́ḿbà Ayọ̀kànmí? Orí ta ló ń gba nọ́ḿbà dúró lóde òní? Ìwọ, sọ nọ́ḿbà ìyá rẹ fún mi láìwo fóònù. Ẹn-hẹ́n. A jọ wà níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni mò ń sọ fún ọ. Ìyá Christabel ti wà lọ́dọ̀ wọn látọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé e pọ̀n. N ò bínú, òun ló bí ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n ó ti mú orúkọ dání, mo mọ̀ ọ́n. Victor. Látinú oyún ló ti ń pe ikùn ọmọ rẹ̀ ní Victor. Victor dára, kò sí ohun tó ṣe Victor. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò? Orúkọ tí wọ́n bá pè lójú agbo lónìí ni yóò mọ́ ọn lára. Tí mo bá gbé tèmi dé lọ́la, wọ́n á ní ẹ ṣé o, Mama, wọ́n á fi sí ẹ̀yìn pátápátá, kò sẹ́ni tí yóò fi pè é láyé. Ọkọ mi á tún kú lẹ́ẹ̀kejì ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un tí mo bá bá a lọ́run? Pé wọ́n ní ká ní sùúrù?

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn ò sọ ohun tí àgbà yóò ṣe tí wọ́n bá tì í mọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Wọn ò sọ ọ́, Glory! N ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo ti ro ó títí, ọgbọ́n mi ti pin.

Ta nìyẹn? Àbdùlsàmàd tó ń ṣọ́ géètì? Kí ló mú dání? Mú un wá, jẹ́ n wo ẹnu rẹ̀. Yéè! Tín-ín-rín! Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ, ọmọ mi, ìyà ò ní jẹ ọ́. Ibo niná wà? Kò bọ́ sí i. Ó wọlé. Ó wọlé! Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó mumi díẹ̀. Ó ti ń tàn.

Ó ń dún! Òun ni, Ayọ̀kànmí ni, wo orúkọ rẹ̀! Hẹ́lò? Ayọ̀kànmí! Èmi ni, fóònù ló kú, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀? Hẹ́lò? Mò ń gbọ́ ọ, ọmọ mi, mò ń gbọ́ ọ ketekete. Ìwọ ò gbọ́ mi? Hẹ́lò!

Kò gbọ́ mi. Glory, kò gbọ́ mi, èmi ń gbọ́ ọ, ó ń sọ pé “Màámi, ohùn yín ò wọlé.” Ó gbé mi sí sípíkà. Ó ní gbogbo ilé ló ń dúró dè mí. Wọ́n ti pe Victor, mo gbọ́ tí pásítọ̀ ń sọ ọ́. Ó ní ó kan ìyá bàbá ọmọ. Èmi nìyẹn! Èmi rè é o!

Dákẹ́. Ọmọ ń ké. Olúwa mi, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ yìí. N ò gbọ́ ọ rí. Ó ń ké bí ẹni tí inú ń bí, bàbá bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Má fọwọ́ kàn án! Kí n pa á kí n tún un pè? Tó bá já tí kò wọlé mọ́ ńkọ́? Fi tìrẹ pè é, nọ́ḿbà rẹ̀ nìyí. O ní ó ń sọ pé ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀? Ṣebí èmi náà ló ń bá sọ̀rọ̀! Kí n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ kẹ̀? Orúkọ tí ọkọ mi fi ẹnu sọ fún mi, kí n fi ìka tẹ̀ ẹ́ fún ọmọ? Ẹnu ni wọ́n fi ń pe orúkọ, Glory, ẹnu ni!

Ọjọ́ kẹjọ ti pé, n ò ṣẹ èèwọ̀ kankan. Ayọ̀miídé! Ayọ̀kànmí, ṣé o gbọ́? Ayọ̀miídé ni bàbá rẹ sọ ọmọ rẹ! Ayọ̀miídé!

Kò gbọ́. Ó ń sọ fún wọn pé bóyá mo ti wọ bàálù. N ò wọ nǹkan kan! Pásítọ̀ ní òun ní ilé ọlọ́mọ mìíràn tí òun ń lọ, ó ní kí wọ́n dijú fún àdúrà ìparí.

Jáde lẹ́yìn tábìlì yẹn, Glory, ohùn tìrẹ lè wọlé níbi tí tèmi ò ti wọlé. Àbdùlsàmàd, sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dìde, ẹ bá mi pe ọmọ mi. Ní ilé wa, tí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ, gbogbo ilé ní í pè é tẹ̀lé e. Ẹ jọ̀ọ́. Ayọ̀miídé! Ẹ gbé ohùn sókè, Àbújá jìnnà! Ayọ̀miídé!

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ n gbọ́.

Ó ṣì ń ṣe hẹ́lò. Wọ́n ti ń ṣe àmín lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣì ń ṣe hẹ́lò. Ẹ tún un pè. Glory, má sunkún, pè é! Ẹ má tíì jókòó, ẹ tún un pè.