Gbèsè Tó Lé Músíbàù Kúrò ní Sàfù Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́hun, àlàáfíà Ọba Aláàánú kó máa bá gbogbo wa. Gbèsè ni wáàsí mi lónìí. Kì í ṣe ti mílíọ̀nù o! Gbèsè kékeré ni, èyí tí owó rẹ̀ wà lápò yín bí ẹ ṣe jókòó yìí, tí ẹ ò san. Ìyá tó wà lọ́hùn-ún yẹn ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in, mo ti rí yín.

Káfíńtà kan wà ní Ìwó, Músíbàù lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́, ìrun kì í sì í kọjá rẹ̀. Sàfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú lẹ́yìn Lèmọ́mù, ló máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alájì Gàníyù tó ń ta pákó. Lọ́jọ́ kan, ó ra pákó lọ́wọ́ Alájì, owó rẹ̀ sì dín ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún náírà.

"Alájì, ẹ jẹ́ kí n mú un wá ní Jímọ́ọ̀."

"Kò burú, Músí."

Nígbà tí Jímọ́ọ̀ pé, owó wà lápò rẹ̀. Kí ló wá ṣe é? Ó ní, "Ẹgbẹ̀ẹ́dógún lásán! Ṣé kí n máa kà á sí àgbà lọ́wọ́ nínú mọ́sáláṣí? Tí mo bá tún fẹ́ ra pákó, màá pa á pọ̀." Ẹ gbọ́ àwáwí! Ó ná owó náà. Ní Jímọ́ọ̀ kẹta, owó tún dé, àmọ́ ìtìjú ti ṣáájú rẹ̀ dé. Kí ni yóò sọ pé ó dá òun dúró?

Ẹ sì mọ̀ pé tí Lèmọ́mù bá ti sálámà tán, a máa ń bọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ́wọ́. Ọwọ́ Alájì yẹn ni Músíbàù ò lè bọ̀ mọ́. Ó kọ́kọ́ sún sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó ń gun ọ̀kadà lọ kírun Jímọ́ọ̀ ní òdìkejì ìlú. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lálọ lábọ̀, fún oṣù mẹ́fà gbáko! Háà! Ọlọ́kadà ti gba gbèsè náà ní ìlọ́po mẹ́jọ, Alájì ò sì rí kọ́bọ̀.

Àfi bí iṣẹ́ ṣe dé. Ilé-kéwú kan fẹ́ kí Músíbàù kan ogójì tábìlì. Onílé ti ní kó kó jáde lóṣù tó ń bọ̀, èrè iṣẹ́ yìí ló sì máa san owó ilé. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá kàn wọ́n tán ni wọ́n máa sanwó, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ra pákó láwìn. Ó tọ Ìyá Ṣàkírà lọ ní ibùdó pákó.

"Músí, ní kí Alájì Gàníyù dúró fún ẹ. Tó bá ti lè dúró, máa kó gbogbo ìsọ̀ mi lọ."

Ìsọ̀ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Ìsọ̀ kẹta, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń kiri, kí Ràlíátù ìyàwó rẹ̀ tó gbaná jẹ: "Bàbá Múníírà, lọ bá Alájì! Ṣé ó máa pa ẹ́ jẹ ni?"

Ó lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na owó sí Alájì.

Alájì dá owó náà padà sí i lọ́wọ́. "Músí, mo ti fi owó yìí jì ẹ́ láti oṣù kejì tó o ti jẹ ẹ́. Àtìgbà náà ni mo ti ń dúró dè ẹ́ lẹ́yìn ìrun kí n lè sọ fún ẹ, o sì ń sá fún mi. Nígbà tí àwọn ará ìsọ̀ bi mí nípa ẹ, ṣé kí n purọ́ ni? Mo ní mi ò rí ẹ."

Lójú ẹsẹ̀, Alájì ní kí wọ́n kó pákó fún un. Àmọ́ nígbà tí Músíbàù dé ilé-kéwú, káfíńtà mìíràn ti ń wọn pákó nínú ọgbà. Àná ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún un. Ọkùnrin bíi Músíbàù jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Tí o bá ní in, san án lónìí. Tí o ò bá ní in, gbé ẹnu rẹ lọ bá olówó, kò sẹ́ni tó ń ta ẹnu láwìn. Ọlọ́hun Ọba má jẹ́ ká sá fún ẹni tó ń wá wa láti dárí jì wá. Kó fi ọ̀nà tó tọ́ hàn wá, kó sì fi alùbáríkà sówó wa. Àmín.

Ó yá, kí kálukú bọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá, ẹ má tíì dìde o, ẹni tó wà lọ́tùn-ún yín ń dúró dè yín.