Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Ìró Bò

Bí mo ṣe jókòó yìí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lórí ẹní. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ojoojúmọ́ ni mo ń kà wọ́n. Díẹ̀ ló kù kí ó di ẹyọ kan, kì í sì í ṣe àtọ̀gbẹ nìkan ni ì bá gé èkejì. Ìgbéraga mi wà níbẹ̀.

Èmi ni àgbà obìnrin ilé wa ní Ọ̀jọ́. Bí ẹbí bá pé jọ, èmi ni mo ń ka orúkọ àwọn baba ńlá wa àti àwọn ọmọ wọn láti orí ẹni tó kọ́kọ́ dáko síbẹ̀. Àṣà ilé wa ni pé ẹni tó ń kà wọ́n kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi, nítorí àìsàn náà ti mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi kú, n kì í mọ̀ bí nǹkan bá gún mi. Ṣé mo gbọ́? Lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí kan, mo dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí kọnkéré tí oòrùn ti yan, mo ń ka orúkọ. Ibẹ̀ ni ìyàwó olóògbé àbúrò mi, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń ta fáànù ní Àlàbá, ti rọra sọ pé, "Ọkọ mi, ẹ fo Ẹfúnṣeun."

Mo ní, "Ẹ gbọ́ o, ìyàwó tí a fẹ́ wálé ló fẹ́ kọ́ ọmọ ilé ní orúkọ baba rẹ̀." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ, ọkọ rẹ̀ ló sọ fún un. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Àbúrò baba wa obìnrin ni Ẹfúnṣeun. Egbò ẹsẹ̀ ló pa á ní yàrá ẹ̀yìn, àwọn àgbà sì ní kí a má dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí àna má baà gbọ́ pé àìsàn ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

Lọ́jọ́ kejì ni mo rí ihò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo fi ìró bò ó. Fún oṣù mélòó kan, èmi tí ojú mi ò ríran dáadáa ni mo ń dì í fúnra mi. N kò bá ìyàwó sọ̀rọ̀, n kì í sùn, inú ń bí mi, mo sì ń jẹ ohun tí wọ́n ní kí n má jẹ. Ní ọsibítù kan ní Ìbà, wọ́n ní bí kò bá jiná, àwọn á gé e. Nọ́ọ̀sì wá bi mí pé, "Màmá, ta ló ń bá yín wẹ̀ ẹ́?" Mo ní èmi ni. "Ta lẹ ń bá jà?" Mo fa ìró bo ẹsẹ̀. Ó ní, "Oògùn ń ṣe tiẹ̀. Àmọ́ ìbínú àti àìsùn lè máa ti ṣúgà yín sókè."

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó wá kí mi.

"Ọkọ mi, òórùn kí nìyí?"

"Eku ló kú."

"Eku tó ń wọ ìró?"

Ó kúnlẹ̀, ó ṣí i. "Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń pè yín ní ọkọ. Ẹsẹ̀ wo lẹ wá ń fi pamọ́ fún ìyàwó?" Mo sunkún bí ọmọdé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè.

Láti ọjọ́ náà, kí ó tó lọ sí Àlàbá láràárọ̀, á wẹ egbò náà bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, èmi á sì máa ka orúkọ ilé wa fún un. Oorun padà sójú mi. N kò sọ pé ẹkún ló wò mí sàn. Oògùn ni, ìtọ́jú ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án ni etí egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé.

Nígbà tí ẹbí tún pé jọ, mo jókòó, mo wọ bàtà. Nígbà tí mo dé orí àbúrò baba wa, mo ní, "Ìyàwó, pè é." Ó pè é: Ẹfúnṣeun. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin àgbà bíi tèmi, tí ẹ ń fi ìró bo ẹsẹ̀, ta lẹ ń bá jà? Ẹ na ẹsẹ̀ náà jáde, kí wọ́n bá yín wẹ̀ ẹ́.