Ohun Tó Wà Nínú Ìgò Rodi

Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá gbé mì, inú ẹni ni í ti í wú. Èyí tí Rodiat gbé mì ti pẹ́ nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fura, òun náà ò sì ní in lọ́kàn láti sọ ọ́, àfi ìgbà tí Salimat, ẹni tí Rodiat ṣẹ̀ gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ibùsùn àìsàn ni Salimat wà nílé ìyá rẹ̀ ní Òkè-Àfà. Ọtí ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ó gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí Rodiat: “Àǹtí Rodi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo já yín kulẹ̀. Ọtí kan náà la jọ ń mu, kò ṣe yín ní nǹkan kan. Èmi ni mi ò lágbára.” Rodiat gbọ́ ọ tán, ó tún un gbọ́. Ó mọ̀ pé bí òun ò bá sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ ọlọ́mọ lè gbé ẹ̀bi ẹlẹ́bi wọ sàárè. Ó fa hìjáàbù sórí, ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìsọlọ̀ lọ sí Òkè-Àfà. Kò wọ ọkọ̀, nítorí ó fẹ́ kí ọ̀nà náà gùn.

Bó ṣe ń lọ, ìgbà àtijọ́ ń bá a rìn. Ọjà Aswani ni òun àti Salimat ti mọ ara wọn, ní ìsọ̀ àǹkárá ìyá Salimat. Rodiat ń bá wọn tajà níbẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, tí ọjà máa ń kún débi pé ẹsẹ̀ ò ráyè. Ráápù ló fi ń pe oníbàárà. Á ní, “Yáàdì kan ò ká ọ mọ́, ìdí rẹ ti gbilẹ̀, mú méjì, mú mẹ́ta, kí ọkọ ẹ mọ̀ pé o délé.” Salimat, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, á máa fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ lu pákó, á máa gbè é. Ìyá Salimat á ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ó lé oníbàárà mi lọ,” ẹ̀rín á sì wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí ńṣe ni àwọn ènìyàn ń dúró gbọ́ wọn, tí wọ́n sì ń rà.

Bí wọ́n bá palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n á kọjá sí Èjìgbò, sí sitúdíò tí Súnkànmí ti ń gba orin sílẹ̀, yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àlòkù bo ògiri rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, wọ́n á jókòó síbẹ̀ nínú ooru, wọ́n á máa pín búrẹ́dì jẹ, wọ́n á máa da orin pọ̀: orin òjò tó ya wọlé olówó àti tálákà, orin onílé tó ń kanlẹ̀kùn. Salimat á ní, “Àǹtí Rodi, bí ayé bá mọ̀ wá lọ́la, ẹ má jẹ́ ká yí padà.” Ìgbà yẹn, Rodiat rò pé ìyà ló ń jẹ àwọn. Kò mọ̀ pé adùn ayé òun nìyẹn.

Orin òjò yẹn ló mú Olúsànyà wá. Òun ló ń bá ilé iṣẹ́ ọtí Arógunyọ̀ wá olórin. Ó ní bí Rodiat bá lè fi orúkọ ọtí náà sínú orin, tí ó sì ń mu ún lórí ìtàgé, àwòrán rẹ̀ yóò gun pátákó ìpolówó ní Òṣòdì. Rodiat ní òun kì í mutí. Ó tọ́ ọtí náà wò lójú Olúsànyà, ó sì bì í. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lẹ́, ó ní, “Ta ló ní kó o mu ún? Ìgò ni wọ́n ń wò.” Tíì ni wọ́n sè, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò Arógunyọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ bá ti ọtí mu régí. Olúsànyà ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ tó ń gbè é. Rodiat gbà. Kì í kúkú ṣe Olúsànyà nìkan ló fà á; ó wu òun náà kí Salimat máa wo òun bí akọni.

Bí Rodiat bá wà lórí ìtàgé, tó ní, “Arógunyọ̀, mo mu ún, mi ò ṣubú,” gbogbo àdúgbò á gbè é. Salimat náà á gbé ìgò tirẹ̀ sẹ́nu, ojúlówó ọtí ló sì wà nínú ìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń wúkọ́, wọ́n á fi ṣẹ̀rín. Nígbà tó yá, kò wúkọ́ mọ́. Nígbà tó tún yá, kò lè fọ ẹnu láàárọ̀ kó má kọ́kọ́ mu ún. Rodiat ń rí i. Ó ń rí i, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ náà ti dàgbà tó láti mọ ohun tó ń ṣe.

Nígbà tó dé Òkè-Àfà, ìyá Salimat ń fi aṣọ tútù nu ojú ọmọ rẹ̀. “Rodi, o káre tó o wá wò wá,” ni ìyá náà wí. Oore inú ìkíni yẹn dun Rodiat ju èébú lọ. Ó kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ má tíì kí mi. Salimat, tíì ni mò ń mu.”

“Tíì wo?” ni Salimat bi í.

“Lórí ìtàgé. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣé o rántí ìgbà tá a ṣeré ní pápá Ìsọlọ̀, tí ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n? O bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é tí kì í mú mi. Òtítọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Olúsànyà, a ò sì tíì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún tuntun. Mo ní, ‘Á mọ́ ẹ lára. Má jẹ́ kí wọ́n rò pé o ò tó.’ O wá nawọ́ sí ìgò mi, o ní kí n fún ẹ lára tèmi, bóyá tèmi ò le tó tìẹ. Ká ní mo fún ẹ ni, wàá ti mọ̀. Mo já a gbà. Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi ṣí ọtí gidi, tí mo gbé e sí ẹ lẹ́nu. Ọjọ́ yẹn lo kọ́kọ́ bi ẹ̀jẹ̀.”

Salimat yí ojú sí i. Ó ní, “Mo máa ń gbàdúrà. Bí mo bá kírun tán, mo máa ń bẹ Ọlọ́run kó fún mi ní irú ara tẹ́ ẹ ní, tí ọtí kì í mú.”

Rodiat dojú bolẹ̀. Ìyá Salimat ò pariwo. Ó ní, “Bàbá ẹ̀ ní kó má bá ẹ lọ. Èmi ni mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni ọ́, pé kò séwu.” Ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún.

“Ẹ foríjì mí,” ni Rodiat wí. “Bí ẹ bá sì lé mi, ó tọ́ sí mi.”

“Ẹ má tíì bẹ̀ mí,” ni Salimat dáhùn. “Àwọn ọmọ tó ń kọ orin wa ní Èjìgbò, tí wọ́n ń ra Arógunyọ̀ inú ọ̀rá torí pé Rodi ń mu ún, ṣé ẹ ti sọ fún àwọn yẹn?”

Rodiat dìde jókòó. Ó yọ fóònù, ó ṣí ojú ìwé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i lójú ẹsẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Olúsànyà pè é láàárín ọ̀rọ̀, Rodiat pa ìpè náà, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. “Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ìgò olórin. Tíì ló wà nínú tèmi, mo sì ń ta májèlé fún yín. Ohun tí èmi gan-an ò lè mu, ẹ má mu ún nítorí mi. Ẹni tó gbà mí gbọ́ jù lọ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn mi yìí.”

Salimat ò sọ pé òun ti dárí jì í. Kò sì ní kó jáde. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti kan òun, ó fọwọ́ kan ìyá rẹ̀, ó ní kó gbé ìrọ̀rí sí òun lẹ́yìn, kí àwọn tó ń wò lórí fóònù lè rí ojú òun dáadáa.