Abọ́ Ìwẹsẹ̀ Tó Ń Dúró De Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, kí wọ́n lè kà á sétí ìjọ.

Mo gbàdúrà ọ̀sán tán, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, oorun bá gbé mi lọ. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ àlà fà mí lọ́wọ́. A kọjá lára àwọn òpùrọ́ tí ahọ́n wọn ń wọ́ nílẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ló burú jù, àṣé a ò tíì dé ibì kankan.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ìwẹsẹ̀ tiwa ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Jésù ló wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, ọmọdé ló ń wẹ tàgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo bá àwọn ẹni ńlá ìjọ lórí àga, wọ́n na ẹsẹ̀ sínú abọ́, iná ló wà nínú abọ́ náà, ẹsẹ̀ ń jó, kò jó tán, wọ́n fẹ́ fà á yọ, orúnkún ò ká, wọ́n ń pe ẹni tí yóò wá kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn, kò sì sẹ́ni tí yóò dáhùn láéláé.

Mo bi ọkùnrin aláṣọ àlà náà pé kí ni wọ́n ṣe.

Ó ní, “Wọ́n fẹ́ tóbi. Ẹni tí kò kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i láyé, orúnkún rẹ̀ kì í ká níbí.”

Àga kan ṣófo. Tìmùtìmù pupa ló wà lórí ẹ̀, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìjọ wa, máa ń gbé wá sílé Ọlọ́run.

Ó fi ọ̀run hàn mí lókèèrè. Àwọn èèyàn díẹ̀ jókòó síbẹ̀, wọ́n ń sinmi. Ẹnìkan tó so aṣọ ìnura mọ́dìí kúnlẹ̀ sídìí ẹsẹ̀ wọn, ó ń wẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí n wọlé. Ọkùnrin náà wo orúnkún mi, ó fà mí padà.

Mo jí, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

“Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tí o ò mọ a-b-d lọ̀run wá ń ránṣẹ́ sí? Àga mi ló ń wù ọ́.”

Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mò ń sunkún. Ó rò pé mo fẹ́ bá òun fọwọ́ ra á ni. Ó tún nà án sí mi dáadáa.

Ó wà láàárín yín báyìí, lórí tìmùtìmù náà. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò. Bí ẹ̀gbọ́n mi ò bá sì gbọ́, ẹ̀yin ọmọdé ìjọ, ẹ ṣàánú mi, ẹ má gbé abọ́ síwájú wọn.