Ohun Tí Tíṣà Kò Kà Nínú Lẹ́tà Fàrúkù

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé gbé wọ sàréè. Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà Fádípẹ̀ wí lọ́jọ́ tó ní kí wọ́n lọ bá òun pe Ìyá Fàrúkù wá. Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, tí dókítà ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n máa gbé bàbá wọn lọ sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, ojú rẹ̀ náà ti wú, ẹnu nìkan ló kù tó ṣì dá pé. Ẹnu náà gan-an ló sì dá gbogbo ọ̀ràn yìí sílẹ̀.

Ta ni kò mọ Tíṣà ní Ìlá Ọ̀ràngún? Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù, ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Fáòsíátù, opó tó ń ṣe epo pupa tà, tí Fàrúkù jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Fáòsíátù kò ka ìwé rárá. Àwọn ọmọ tó mọ̀wé kún àdúgbò bámúbámú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan lẹ́tà ọmọ rẹ̀. “Tíṣà nìkan ni kì í gbé ọ̀rọ̀ mi ròde,” ló máa ń wí. Òótọ́ ló sọ. Tíṣà kò gbé e ròde. Kò tilẹ̀ gbé e dé etí ẹni tó ni ín.

Nígbà tí obìnrin náà wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i. “Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ọlọ́run á gbé yín dìde.”

“Má gbàdúrà fún mi, Ìyá Fàrúkù. Jókòó. Tí o bá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, wàá fẹ́ gba àdúrà yẹn padà.”

Àwọn ọmọ Tíṣà fẹ́ jáde, ó ní kí wọ́n dúró. Ó ní ìtìjú tí òun sá fún ló pa ọmọ ọlọ́mọ, òun kò sì tún ní sá mọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀.

Ó ní òun lòun kọ fọ́ọ̀mù fún Fàrúkù nígbà tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n béèrè bóyá àìsàn kan wà lára rẹ̀. Ìyá Fàrúkù ṣáà mọ̀ pé àyà ọmọ náà máa ń há láti kékeré. Bí ọyẹ́ bá ti dé, èémí rẹ̀ á máa dún fee. Ásímà ni wọ́n pè é ní ọsibítù. Fàrúkù fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, Tíṣà ní, “Ṣé orí ẹ pé báyìí? Màá kọ ọ́ pé kò sí. O ti dàgbà kọjá ìyẹn.” Òun fúnra rẹ̀ ló sì tọwọ́ bọ̀wé gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́, pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, òtítọ́ ni.

Oṣù mẹ́fà ni wọn ó fi kọ́ wọn ní àgọ́ ológun náà, lókè Ọya lọ́hùn-ún, wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ wọn lẹ́nu géètì. Ràsákì tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó àgbàdo ló ń bá ọmọ náà mú lẹ́tà bọ̀. Bí lẹ́tà bá ti dé, Ìyá Fàrúkù á pe Tíṣà sílé rẹ̀, á fún un ní àga kan ṣoṣo tó wà, òun á jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ̀, á ká ọwọ́ mọ́ orúnkún, á ní, “Ẹ máa kà á, sà.”

Nínú èkíní, ọmọ náà kọ ọ́ pé, “Ìyá mi, wọ́n ń yí wa nínú ẹrẹ̀, mo sunkún lánàá.” Tíṣà wo ojú obìnrin náà, ó rántí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń gbóògùn sí. Àánú ṣe é. Ló bá kà á pé, “Ìyá mi, mo ti sanra. Ẹyin ni wọ́n ń fún wa jẹ láràárọ̀.”

Ìyá Fàrúkù lu itan pà. “Fàrúkù tí kì í jẹ ẹyin! Ológun mà ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ o!” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi,” Tíṣà wí. “Òun ló bà mí jẹ́. Àgbà bíi tèmi!”

Nínú èkejì, Fàrúkù ní àyà òun ti tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní òun ń díbọ́n. Tíṣà kà á pé kò sí ẹni tó lè sáré tó Fàrúkù nínú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta wá dé. Tíṣà kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nígbà tó dé ibí yìí. Ó ní ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ pé kí ìyá òun wá káàdì ọsibítù tí wọ́n fi ń tọ́jú òun ní kékeré, kó fún Ràsákì. Bí wọ́n bá rí i, wọn á dá òun padà sílé. “Mo rò ó pé ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, á fara dà á. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Orúkọ mi tó wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn ni mo ń rò. Bí káàdì bá dé ọ̀dọ̀ wọn, Tíṣà Fádípẹ̀ ti di òpùrọ́. Mo wá kà á fún ọ pé kí o máa tún yàrá rẹ̀ ṣe. O bi mí, o ní, ‘Ràsákì ń padà lọ́la, ṣé kò ní kí n fún un ní nǹkan kan mú lọ?’ Mo ní kò ní.”

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi fóònù pè láti ibẹ̀ pé Fàrúkù ṣubú lórí eré àárọ̀, kò sì dìde mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ìyá Fàrúkù ní ẹni tó ń sáré ju ẹgbẹ́ lọ kì í ṣubú lásán, ayé ló ṣe é. Ó dẹ́bi fún Àsíìsì, àbúrò ọkọ rẹ̀, títí dòní wọn kì í kí ara wọn.

Ìyẹn náà kò tíì tán. Fún ọdún méjì, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá ti kírun tán, obìnrin náà á kó lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde pé kí Tíṣà tún wọn kà. Ó ti há wọn sórí. Bí Tíṣà bá ṣì wọ́n kà, á ní, “Ẹ ti fo ibi ẹyin, sà.” Tíṣà wá kọ irọ́ rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, ó ń kọ́ ọ sórí ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ó wí, “bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ka ìwé fún òun, ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kà. Ìyá Fàrúkù, mi ò lẹ́nu tí mo lè fi bẹ̀ ọ́. Dárí jì mí.”

Ìyá Fàrúkù kò sunkún. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ọ̀rá kan jáde, ó yọ lẹ́tà tó kẹ́yìn, ó nà án sí i.

“Ẹ kà á bó ṣe wà.”

Tíṣà kà á. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ náà ti kọ ọ́ pé, “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́,” obìnrin náà ní kó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà.

“Ó pè mí, mi ò dá a lóhùn,” Ìyá Fàrúkù wí. Ó gba lẹ́tà rẹ̀, ó ká a, ó dìde. Kò ní òun dárí jì í, kò sì ní òun ò dárí jì í. Ẹnu ọ̀nà ló ti bojú wẹ̀yìn.

“Àpótí aṣọ tí mo máa ń jókòó lé tí ẹ bá ń kà á fún mi, sà, inú rẹ̀ ni káàdì yẹn wà. Ó ṣì wà níbẹ̀.”